Ẹ̀rọ lu títì wa gbì-gbì, wọ́n ní ó le. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà gbá wa lójú?

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ títì, kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ìpàdé Sátidé tó dé.

Ní Ògbà níhìn-ín, àwa onílé dá owó, a gba kòntírátọ̀, ó da ọ̀dà sí àdúgbò wa, nǹkan bíi mítà 600. Òjò ọdún kìíní rọ̀ lọ, kò sí wàhálà. Kí ti ọdún kejì tó kásẹ̀ ńlẹ̀, títì ti sán bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ibi tí táyà ń gbà sì ti jìn wọlé. A pe kòntírátọ̀. Dípò kó gbé ọ̀dà wá, ẹ̀rọ ló gbé wá ní January, lọ́sàn-án gangan, kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ ìdí jíìpù. Jíìpù á dúró, irin pẹlẹbẹ á sọ̀kalẹ̀ sórí títì, ẹrù á gòkè, á já lù ú, gbì! Wọ́n á tún sún síwájú. Wákàtí méjì ò pé tí wọ́n fi kúrò. Wọn ò gbẹ́lẹ̀, wọn ò gé nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó kó bébà wá, nọ́ńbà ló kún inú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ ti sọ ọ́, iṣẹ́ mi le, ilẹ̀ abẹ́ yín ni kò dáa."

Alága wa, tó ti fi ogójì ọdún ṣe bíríkìlà, ní ta ló ń fi etí gbọ́ agbára títì? Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ níbi mẹ́wàá ká fojú rí i. Àwọn mìíràn ní tá a bá gbẹ́ ẹ, ọwọ́ ara wa la fi ba títì jẹ́. Ta ló jàre?

* * *

Baba Lábù

Alága jàre díẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ náà jàre díẹ̀. Ti kòntírátọ̀ ni mi ò tíì lè sọ, torí ẹ ò kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo síbí.

Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe àwúrúju o. FWD la ń pè é, ìyẹn "falling weight deflectometer". Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú irú ẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, àwọn ará Denmark àti Netherlands ló wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ rí yẹn, mìlímítà 300 ni ìbú rẹ̀. Ẹrù tó ń já lù ú máa ń tẹ̀ ẹ́ bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin, ìyẹn ìdajì ẹrù orí àkísù kan lára ọkọ̀ ńlá (àkísù ni irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì), kò sì ju ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú-àáyá lọ, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí táyà bá kọjá fìrì. Tí ẹ bá wo abẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ẹ ó rí ọ̀pá kan tó gùn jáde, tí nǹkan róbótó róbótó tò sí ìdí rẹ̀. Etí ẹ̀rọ nìyẹn. Ọ̀kan wà láàárín irin pẹlẹbẹ, àwọn tó kù jìnnà sí i, títí dé mítà kan ààbọ̀ nígbà mìíràn. Wọ́n ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe rì tó ní ibi tí kálukú wọn wà.

Ẹ jókòó sáàárín fóòmù yín. Tó bá jẹ́ pé fóòmù ló ti kú, ìdí yín nìkan ni yóò rì, ọmọ tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ò ní mọ̀. Tó bá jẹ́ pákó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti dá, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ni yóò rì, ọmọ náà á yí wá bá yín. Ìyẹn náà ni FWD ń wò. Etí àárín ń gbọ́ ti gbogbo ìpele pọ̀, etí tó jìnnà ń gbọ́ ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan. Torí náà, tí kòntírátọ̀ bá ní ilẹ̀ abẹ́ ló bàjẹ́, etí tó jìnnà ló yẹ kó jẹ́rìí fún un.

Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbí.

* * *

Ọlọ́típà

Gbogbo gírámà yìí! Ẹ jẹ́ kí n kó yanrìn kún típà mi, kí n rọra wà á lórí títì yẹn. Tó bá ń mì jẹlẹjẹlẹ bí ẹ̀kọ, kò le. Tí kò bá mì, ó le. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sáà ra dísù.

* * *

Baba Lábù

Ọlọ́típà, o rò pé o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ohun tó o sọ yẹn, iṣẹ́ gidi ni. Kí wọ́n tó da ọ̀dà, nígbà tó ṣì ku ìpele òkúta nìkan, à ń fi típà tó kún rìn ín wò. Ibi tó bá ń mì, a ó hú u. Àdúgbò tí kò lówó ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ fo èyí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti bò ó, ojú èèyàn ò lè rí ìtẹ̀ tó jẹ́ ìdajì mìlímítà.

Típà náà la sì fi ń ṣe é kí FWD tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábù, ọ̀pá Benkelman la ń gbé kiri. Ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ A. C. Benkelman ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ọ̀pá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. A ó ki ẹnu ẹ̀ bọ àárín táyà méjì tó so pọ̀ lẹ́yìn típà, a ó wo aago kékeré tó wà ní ìdí ẹ̀, a ó ní kí dírẹ́bà máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bí típà bá ti ń kúrò, títì á máa gòkè padà, abẹ́rẹ́ aago á sì máa rìn. Ohun tí aago bá kà, ẹ sọ ọ́ di méjì, torí apá iwájú ọ̀pá gùn ní ìlọ́po méjì ti ẹ̀yìn.

Mo rántí òru kan lórí Ikorodu Road, nítòsí Ànthony. Òkúta gránáìtì ló kún típà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí títì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, àbúrò kan dúró lẹ́yìn mi tó ń ju àsíá pupa. Danfo kan fọn fèrè lójijì, dírẹ́bà wa rò pé ìyẹn ni àmì, ó tẹ iná. Táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí ọ̀pá kọjá. Mo fò dìde, mo bú u, ó bú mi padà, a jọ jẹ àkàrà nígbà tó yá. Ibi 14 péré la rí wọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rọ tó lu títì yín ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí méjì, kò sì sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀.

* * *

Ọlọ́típà

Ẹ kú ewu. Àmọ́ ẹ má sọ pé àwa ló ń ba títì jẹ́ o, mo mọ ibi tọ́rọ̀ yìí ń lọ.

* * *

Baba Lábù

Ibẹ̀ náà ló ń lọ. Ní Illinois, láàárín 1958 sí 1960, wọ́n da oríṣiríṣi títì sílẹ̀, wọ́n ń wa ọkọ̀ kọjá lórí wọn tọ̀sán-tòru títí wọ́n fi bàjẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí àkísù bá gbé ìlọ́po méjì ẹrù, ìbàjẹ́ tó ń ṣe á sún mọ́ ìlọ́po 16. Típà kan tó gbé àgbéjù lè fọ́ títì àdúgbò ju káà gbogbo onílé lọ. Mi ò ní kó o má jẹun.

* * *

Ọmọ Lẹ́kí

Ẹ̀gbọ́n Baba Lábù, mo gbà fún yín lórí FWD, àmọ́ ẹ ń rọra gbè sẹ́yìn Alága. Kò sídìí láti gbẹ́ títì rárá lóde òní. Ẹ fi FWD lù ú, ẹ fi GPR, ìyẹn rédà tó ń wo inú ilẹ̀, tọ̀ ọ́. GPR máa ń rán ìgbì rédíò wọlẹ̀, ó ń padà wá sọ ibi tí ìpele kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó mọ bí ọ̀dà ṣe nípọn tó láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin, kì í ṣe níbi mẹ́wàá tí wọ́n gbẹ́. Iṣẹ́ mi nìyí, mo ti ṣe é lọ́nà tó ju ogún lọ. Ìwà àtijọ́ ni kéèyàn máa dá títì lu.

* * *

Baba Lábù

Àbúrò, ìwọ tó o ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí ló yẹ kó mọ ibi tí GPR ti ń yadi. Ìgbì rédíò ò fẹ́ràn amọ̀ tó tutù, kò sì fẹ́ràn omi oníyọ̀ rárá. Ní Ìkòyí àti Victoria Island, tẹ́ ẹ bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi ti yọ, òmíràn sì níyọ̀ nínú. Ìgbì á wọlé, kò ní padà wá. Ti ọ̀dà tó wà lókè, ó lè kà á dáadáa, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí o tó yí àkókò tí ìgbì lò padà sí mìlímítà, o gbọ́dọ̀ mọ bí ìgbì ṣe ń yára tó nínú ọ̀dà yẹn gan-an, omi inú ẹ̀ àti òkúta inú ẹ̀ sì ń yí i padà. Báwo lo ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ṣé kì í ṣe pé o gé ojú kan yọ róbótó, o fi rúlà wọ̀n ọ́n, o wá fi tún ìyókù ṣe?

Ohun kejì: ní ẹ̀yìn Lẹ́kí, níbi tí yanrìn wà lókè tí ẹrọ̀fọ̀ dúdú olóorùn wà nísàlẹ̀, FWD lè sọ pé títì le, kó sì jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, títì ti rì. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ fi ń bi ilẹ̀ ní ìbéèrè. Ẹrọ̀fọ̀ tó ń fún omi jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ò ní dáhùn ẹ̀ṣẹ́. Èyí ò kan Ògbà o, ilẹ̀ pupa ló wà lọ́hùn-ún.

* * *

Ọmọ Lẹ́kí

Mo gé ojú méjì fún kìlómítà kan. Méjì, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe mẹ́wàá fún mítà 600.

* * *

Baba Lábù

O ti gé e. Ìjà parí.

* * *

Màmá Oníbọ̀ọ̀lì

Ẹ dákun, àwọn tó ń gé yìí, ṣé wọ́n á dí títì? Lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n gbẹ́ ihò kan nítorí páìpù omi, oṣù kẹfà rèé. Ọlọ́kadà méjì ti ṣubú síbẹ̀.

* * *

Akọ̀wé Àdúgbò

Mo ti rí bébà náà gbà lọ́wọ́ Alága. Ibi kan tí títì ò tíì sán ni mo dà kọ. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín:

"Ìpele ọ̀dà: 100 mm. Ìpele òkúta: 200 mm. Àárín: 1150. 300: 520. 600: 190. 900: 95. 1200: 65." Nísàlẹ̀ ó kọ: "Ọ̀dà 300 MPa." Ìwé àdéhùn wa náà ní 100 mm ọ̀dà.

* * *

Baba Lábù

Akọ̀wé, ẹ jókòó dáadáa.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ láti "àárín" lọ, bí títì ṣe rì ni, ní ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà; 300 títí dé 1200 ni bí etí kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín tó, ní mìlímítà. Àárín rì ju mìlímítà kan lọ. Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe yára já wálẹ̀: ní 300, ó ti dín sí ìdajì, ní 900, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Abọ́ kékeré tó jìn nìyẹn. Fóòmù ló kú, pákó ò dá. Mo ṣírò ilẹ̀ abẹ́ yín láti inú ti 900 àti 1200, àwọn méjèèjì mú 130 sí 145 MPa wá (MPa ni òṣùwọ̀n líle, bó bá ṣe pọ̀ tó ni nǹkan ṣe le tó). Ilẹ̀ tó dáa ni! Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó á fẹ́ ní irú ẹ̀. Ohun tí kòntírátọ̀ yín pè ní ẹlẹ́rìí tiẹ̀, òun gan-an ló takò ó, ó kàn dá a lójú pé kò sẹ́ni tó máa kà á ni.

Ẹ wá wo ọ̀dà. 300 MPa fún ọ̀dà tí kò tíì sán? Ọ̀dà tó ti bàjẹ́ pátápátá la fi ń mọ nọ́ńbà báyìí. Ohun méjì ló lè fà á. Èkíní, ọ̀sán gangan ni wọ́n ṣe é. Ọ̀dà dà bí òrí, láàárọ̀ ọyẹ́ ó le bí òkúta, tí oòrùn bá ti mú u, ìka á wọ̀ ọ́. Ojú títì Èkó lè gbóná ju dígírì 50 lọ lọ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lu ihò kékeré, tó jìn bíi mìlímítà 40, a ó da gílísẹ́rìn díẹ̀ sínú ẹ̀, a ó ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. (Ẹ rí i, àwa tá a ní a kì í gbẹ́ títì náà ń gbẹ́ ẹ díẹ̀.) Àwọn ará India ti fi dígírì 35 ṣe òṣùwọ̀n tiwọn fún ọ̀pá Benkelman, wọ́n á sì yí ohun tí wọ́n bá wọ̀n padà sí i. Ṣé wọ́n kọ ìgbóná sínú bébà yín?

Èkejì ló ń dùn mí nínú. Ẹ̀rọ ò rí nínípọn ọ̀dà. Èèyàn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọ̀dà jẹ́ 100, kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, á wá ṣírò líle. Agbára tí ọ̀dà fi ń kọ̀ láti tẹ̀ sì ń bá nínípọn lọ bíi kéèyàn fi nínípọn sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ sọ nínípọn di ìdajì, agbára yẹn á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Torí náà tí ọ̀dà bá jẹ́ 50 ní tòótọ́, tẹ́nì kan sì kọ 100, kọ̀ǹpútà ò ní sọ pé irọ́ lẹ pa. Á kàn sọ pé ọ̀dà yín rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ. 300 lọ́nà mẹ́jọ, 2400. Ìyẹn ọ̀dà tó dáa tí oòrùn ti mú díẹ̀.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo ní kí ẹ gé ojú mẹ́ta.

* * *

Ọmọ Lẹ́kí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ohun méjì. January ni wọ́n lù ú, ilẹ̀ ti gbẹ. Ẹ lù ú ní June tàbí October, ilẹ̀ abẹ́ yẹn lè má jẹ́ 130 mọ́. Bí gọ́tà bá dí, kòntírátọ̀ lè ní ẹjọ́ díẹ̀. Èkejì, ọ̀dà tó bá tín-ín-rín ju mìlímítà 75 lọ, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n ṣírò dáadáa. Ó lè jẹ́ ìpele òkúta ló ń jẹ ìyà ọ̀dà.

* * *

Baba Lábù

Méjèèjì bọ́ sí i. Ẹ rí i, èèyàn tó mọṣẹ́ ló ń báni jiyàn báyìí. Akọ̀wé, ṣé gọ́tà yín ń ṣàn?

* * *

Akọ̀wé Àdúgbò

Apá ọ̀tún ń ṣàn. Apá òsì, ẹnì kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e. Ẹ má bèèrè ẹni náà lọ́wọ́ mi, ọmọ ìgbìmọ̀ wa ni.

* * *

Ọmọ Ìṣàlẹ̀ Èkó

Ṣé ẹ̀rọ yìí ni wọ́n gbé lọ sórí Third Mainland nígbà tí wọ́n tì í ní August 2018 fún àyẹ̀wò? Ti Apapa-Oshodi tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ńkọ́?

* * *

Baba Lábù

Afárá kì í jókòó sórí ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àyẹ̀wò tiẹ̀, òpó inú omi ló ń kó èèyàn láyà sókè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ti kọnkéré, FWD wúlò gan-an, àmọ́ a kì í lu àárín pẹpẹ nìkan. Etí pẹpẹ là ń lù, níbi tí pẹpẹ méjì ti pàdé. A ó gbé irin pẹlẹbẹ sí apá kan, etí ẹ̀rọ kan á wà lápá kejì. Tí apá kejì bá rì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó apá tí a lù, irin tó so wọ́n pọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí èyí rì tí ìyẹn dúró gbọin, tírélà tó bá kọjá á máa lu pẹpẹ bí ìlù, omi á máa tú yanrìn jáde lábẹ́ ẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ohùn yẹn rí, kótó-kótó, lórí títì kọnkéré tó ti gbó.

Àwọn kan tún máa ń gbé hámà kékeré onísípírín-ìn wá, wọ́n á fi gbá kọnkéré, wọ́n á ní àwọn ti wọn agbára títì. Awọ ló wọ̀n. Kò mọ ohun tó wà lábẹ́.

* * *

Ọlọ́típà

Tí àdúgbò mi bá fẹ́ ṣe títì lọ́dún yìí, kí la máa bèèrè kí wọ́n má baà gbá wa? A ò lè san owó jíìpù yẹn.

* * *

Baba Lábù

Ẹ bèèrè èyí tí ọwọ́ ń gbé. Àwọn ará Jámánì ló ń lò ó púpọ̀: ẹrù kílò 10 tó ń yọ̀ lórí ọ̀pá kan já lu irin pẹlẹbẹ mìlímítà 300. Ọkùnrin kan lè gbé e sí ìdí Keke. Ẹ lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó jókòó, kí ẹ tún lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ kà á. Ìpele òkúta ni kí ẹ lù, kí ọ̀dà tó bò ó. Lẹ́yìn náà, típà rẹ tó kún. Kí ẹnì kan sì dúró pẹ̀lú rúlà lọ́jọ́ tí ọ̀dà bá dé, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún méjì.

* * *

Akọ̀wé Àdúgbò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹ má bínú. A gé ojú mẹ́ta láàárọ̀ Sátidé, kòntírátọ̀ fúnra ẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe fa èkíní yọ, tó jáde róbótó bíi kéèkì, omi dúdú ń kán lára ẹ̀, Alága gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, ó fi aṣọ ẹ̀ nù ún, ó gbé rúlà lé e. 48. Ìkejì 52. Ìkẹta, ní apá òsì tí gọ́tà ti dí, 45, òkúta abẹ́ ẹ̀ sì ti dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀.

Kòntírátọ̀ ní ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ tín-ín-rín. Alága ní, láti 100? Ọ̀gbẹ́ni náà ò dáhùn. Ó ti ní òun á dá ìdajì owó ọ̀dà padà, ọmọ ìgbìmọ̀ náà sì ti ń wó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ (òrùlé ló kọ́kọ́ yọ). Alága gbé ojú kìíní lọ sílé, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù: ihò mẹ́ta yẹn ṣì wà níbẹ̀.

* * *

Baba Lábù

Ẹ gbọ́n omi inú ẹ̀ jáde, ẹ nù ún kó gbẹ. Ẹ má da yanrìn sínú ẹ̀ o. Ọ̀dà tútù tí wọ́n ń tà nínú àpò, ẹ dà á ní ìpele méjì, ẹ fi irin gún un dáadáa, kó ga ju ojú títì lọ díẹ̀, táyà á tẹ ìyókù wọlé. Ẹ ṣe é lónìí, ojú ọ̀run ti ń ṣú ní Ìkẹjà.

* * *

Màmá Oníbọ̀ọ̀lì

Tó bá ṣẹ́kù nínú àpò, ẹ rántí ẹnu ṣọ́ọ̀bù mi.